Ohun Tí Dougald Máa Ń Mu

Ẹni tó bá ya ilé Dolina Currie lónìí yóò rí ìgò wisikí erékùṣù wa kan lórí pákó ìloro, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìṣó tí ẹ̀wù òjò ọkọ rẹ̀ ṣì kọ́ sí. Ìgò náà fẹ́rẹ̀ẹ́ kún. Kò sẹ́ni tó gbọdọ̀ mu níbẹ̀, Dolina pàápàá kì í mu ún. Ó kàn máa ń ṣí i nígbà mìíràn ni, á gbé imú sí i, á sì tún dé e pa. Àlejò tó bá mọ̀ pé láti kékeré ni obìnrin yìí ti jẹ́ ẹ̀jẹ́ níwájú ìjọ pé ọtí kò ní kan ètè òun láéláé, ẹnu á yún un láti béèrè. Àwa tí a jọ ń gbé erékùṣù yìí kì í béèrè. A mọ̀ ọ́n.

Torquil, bàbá Dolina, ló sọ ọ́ di ọ̀tá ọtí. Apẹja ni Torquil, ọwọ́ rẹ̀ dáa, ohùn rẹ̀ sì dùn bí wọ́n bá ń kọ Sáàmù, ṣùgbọ́n ọtí ló ni ín. Mímu tó ń mu kọ́ ló dun ọmọ rẹ̀ jù, irọ́ tó ń pa ni. Á dúró lẹ́nu ọ̀nà, á di férémù ilẹ̀kùn mú kó má baà ṣubú, á ní, "Mo fi Ọlọ́run búra, mi ò fẹnu kàn án lónìí." Ojoojúmọ́ ló ń búra bẹ́ẹ̀, títí ó fi ṣubú láti inú ọkọ̀ rẹ̀ lọ́jọ́ kan tí òkun pa rọ́rọ́, tí atẹ́gùn ò tilẹ̀ fẹ́. Láti ọjọ́ náà, kò sí ọkùnrin kan láyé tó lè sọ fún Dolina pé òun ò mutí kó gbà á gbọ́.

Ẹni tó wá fẹ́ ni Dougald Currie, òṣìṣẹ́ ilé àgbá ní ilé ìpọntí. Àwọn ènìyàn rín ẹ̀rín. Wọ́n ní àgùntàn tó bá bá ajá rìn yóò jẹ ìgbẹ́, pé báwo ni ẹni tó ń yí àgbá wisikí láti àárọ̀ dalẹ́ ṣe fẹ́ gbé nílé ọmọ ìjọ. Ṣùgbọ́n ní erékùṣù tí kò níṣẹ́ ju ẹja, àgùntàn àti wisikí lọ, ibo ni wọ́n fẹ́ kí ọmọbìnrin gbà? Jẹ́jẹ́ ni Dougald, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò pọ̀, ó sì máa ń wo Dolina bí ẹni tí òjò pa tó wá rí iná lọ́ọ̀ọ́kán. Wọ́n fẹ́ràn ara wọn. Ẹ má jẹ́ kí ohun tí mo fẹ́ sọ yìí mú yín gbàgbé ìyẹn.

Kò pẹ́ tí wọ́n ṣègbéyàwó, Dougald ti ibi iṣẹ́ dé lọ́jọ́ kan, inú rẹ̀ dùn, ó wọlé tààrà, ó fẹ́ fẹnu ko ìyàwó rẹ̀ lẹ́nu. Òórùn ọtí ara rẹ̀ kọ lu Dolina nímú. Ó yí ojú sí ààrò. Láti ọjọ́ náà lọ, bí Dougald bá ti dé, á bọ́ ẹ̀wù rẹ̀ kọ́ sí ìloro, á lọ sídìí ẹ̀rọ omi tó wà níta, ìbáà jẹ́ yìnyín, ìbáà jẹ́ ìjì, á bọ́jú, á fọwọ́ dé ìgúnpá kó tó wọlé. Dolina á gbé tíì fún un, tíì dúdú tí kò ní mílíìkì, ṣúgà mẹ́ta. Wọ́n á jẹ ẹja àti ọ̀dùnkún. Ṣùgbọ́n ìfẹnukonu ẹnu ọ̀nà yẹn kò padà mọ́. Wọ́n bí ọmọ kan, ọmọ náà dàgbà, ó sọdá òkun lọ sí Kánádà, irun àwọn méjèèjì funfun, Dougald ò yéé bọ́jú níta.

Ó kù díẹ̀ kó fẹ̀yìn tì ni rọpárọsẹ̀ mú un. Apá òsì rẹ̀ kú, ohùn rẹ̀ sì lọ. Ọwọ́ ọ̀tún àti ojú nìkan ló ṣẹ́kù tó fi ń bá ìyàwó rẹ̀ sọ̀rọ̀. Wọ́n gbé e wálé láti ọsibítù, nọ́ọ̀sì tó ń yẹ̀ ẹ́ wò sì fa Dolina sẹ́yìn ilẹ̀kùn, ó ní kó ránṣẹ́ sọ́mọ, pé bàbá rẹ̀ kò ní rí ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn tó ń bọ̀. Ibẹ̀ ni ìdààmú ti bẹ̀rẹ̀.

Lọ́dọ̀ wa, bí a bá ti sin òkú tán, a máa ń bu ife kékeré kọ̀ọ̀kan fún àwọn tó gbé pósí, létí sàréè níbẹ̀, kí wọ́n tó kúrò. Kì í ṣe ọtí tí a kàn rí. Ohun tí olóògbé fúnra rẹ̀ máa ń mu nígbà ayé rẹ̀ ni. Aya tàbí ọkọ ló ń mú un wá, kì í sì í béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, nítorí ta ló tún yẹ kó mọ̀ jù ú lọ? Nígbà tí wọ́n sin Fionnlagh darandaran, àwọn ọmọ rẹ̀ ra èyí tí ọwọ́ wọn kọ́kọ́ bà. Àwọn àgbà gbé e mì, wọ́n wojú ara wọn, ọ̀kan nínú wọn ní, "Ta tiẹ̀ la sin lónìí?" Títí di òní, àwọn ọmọ náà kò lè kọjá lẹ́bàá sàréè yẹn kí wọ́n má sọ orí kodò.

Dolina kò mọ ohun tí ọkọ rẹ̀ máa ń mu. Kò béèrè rí. Kò gbà kí ọtí wọlé, ó sì rò pé ibi iṣẹ́ ni Dougald ti ń mu tirẹ̀, kí òun má baà rí i. Ẹ̀rí ṣáà wà, òórùn ẹ̀wù rẹ̀ ni. Àti pé ìgò kan tí ilé ìpọntí máa ń fún òṣìṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ní ọdún tuntun, kò mú un wálé rí. Ó jókòó ti ibùsùn, ó ń wo ọkùnrin tí wọ́n jọ gbé láti ìgbà èwe, ọkàn rẹ̀ sì bà jẹ́ gidigidi. Bí ó bá gbé ohun tí kì í ṣe tirẹ̀ lọ síbi sàréè, gbogbo erékùṣù ni yóò mọ̀ pé ó fi gbogbo ayé rẹ̀ bá àlejò gbé.

Ó gba Ọlọ́run láyè kó bínú. Ó kúnlẹ̀, ó ní, "O rí mi. Ẹ̀jẹ́ tí mo jẹ́, mo fẹ́ já a nítorí ọkọ mi. Jọ̀ọ́, má kà á sí i lọ́rùn." Lẹ́yìn náà ó bẹ aládùúgbò kó bá òun jókòó ti Dougald, ó wé gèlè òjò rẹ̀, ó sì gba ẹ̀yìnkùlé wọ ilé ọtí Marsaili ní èbúté, lọ́sàn-án, nígbà tí kò sí oníbàárà.

"Ìyáàfin Currie!" Marsaili ní. Aṣọ ìnuwo bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. "Ṣé kò sí o? Ṣé bàbá ni?"

"Ó wà bó ṣe wà. Marsaili, mo fẹ́ kó o kọ́ mi ní wisikí."

"Ẹ̀yin? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń sọdá títì kẹ́ ẹ má baà kọjá lẹ́nu ọ̀nà mi?"

"Èmi náà ni. O lè fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ tán ká tó bẹ̀rẹ̀."

Marsaili kò fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Ó ti ojú rẹ̀ rí ohun tó gbé e wá, nítorí òun náà ti sin ọkọ. Ó ti ilẹ̀kùn, ó sì fa àga.

"Ṣé Dougald mu níbí rí?" Dolina bi í.

"Kò mu níbí rí, mà. Mo ní ó ń bọ̀wọ̀ fún yín ni, pé ibi iṣẹ́ ló ti ń gbádùn tiẹ̀."

"Èmi náà rò bẹ́ẹ̀," ni Dolina wí.

Ife kékeré tí ìdí rẹ̀ fẹ̀ tí ẹnu rẹ̀ kéré ni Marsaili fi bẹ̀rẹ̀. Ó bu díẹ̀ sí i, ọtí náà pọ́n rẹ́súrẹ́sú bíi koríko gbígbẹ. Dolina ki imú bọ̀ ọ́, ó sì fà sẹ́yìn, omi bọ́ lójú rẹ̀.

"Ẹ rọra! Ẹ má ki imú bọnú ẹ̀ bí ẹni ń gbóòórùn òdòdó. Ẹ lanu díẹ̀, kẹ́ ẹ jẹ́ kó wá bá yín. Tẹ́ ẹ bá pa ẹnu dé, ó máa ta yín ni. Ó yá, ẹ kán omi sí i."

Ó kán omi sí i. Lọ́tẹ̀ yìí, nǹkan kan wá. "Koríko ẹran," Dolina ní, ẹnu yà á. "Èyí tá a kó sínú ahéré kí òjò tó dé. Àti èèpo ọsàn."

"Ẹ ò rí i! Ti ilẹ̀ pẹ̀tẹ́lẹ̀ gúúsù nìyẹn, lọ́hùn-ún lódìkejì omi. Wọn kì í fi èéfín sí i. Ẹ fẹnu kàn án."

Lọ́jọ́ kìíní yẹn, inú áńkáṣíìfù ló tu ú sí. Nígbà tó padà wá, ó gbé e mì. Ó rò pé ọ̀run yóò ya. Ohun tó kàn ṣẹlẹ̀ ni pé àyà rẹ̀ gbóná.

Bẹ́ẹ̀ ló ń lọ tó ń bọ̀. Marsaili gbé èyí tó wá láti àfonífojì odò Spey fún un, tí wọ́n tọ́jú sínú àgbá tó ti gba wáìnì Spéènì tẹ́lẹ̀, pupa bí igi tí a fi òróró kùn. Dolina gbóòórùn rẹ̀, ó sì rántí àkàrà dúdú ọdún tuntun tí ìyá rẹ̀ máa ń sè nínú aṣọ, tí èso àjàrà gbígbẹ kún inú rẹ̀. Ó dùn mọ́ ọn lẹ́nu, ojú sì tì í pé ó dùn. Ó tọ́ èyí tí wọ́n fi àlìkámà ṣe wò, tó rọ̀ tó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sọ nǹkan kan. Ó tọ́ àdàlù wò, tí wọ́n po oríṣiríṣi pọ̀.

"Èyí ni àwọn àgbà ibí máa ń bú," Marsaili ní. "Wọ́n ní kò níran. Tẹ́ ẹ bá wá délé wọn, òun lẹ máa bá lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì."

Dolina rẹ́rìn-ín. Ó pẹ́ tó ti rẹ́rìn-ín kẹ́yìn. Ó ya òun fúnra rẹ̀ lẹ́nu pé ohun tí òun ti kórìíra láti kékeré kì í ṣe ohun kan ṣoṣo, pé ó ní ìlú, ó ní ilé, èyí jẹ́ jẹ́jẹ́, èyí jẹ́ oníjàgídíjàgan. Ó ronú pé bóyá òun ìbá ti mọ̀ bẹ́ẹ̀ bí bàbá òun bá jẹ́ ẹlòmíràn.

Ìgbẹ̀yìn ni Marsaili gbé ti erékùṣù wa gan-an síwájú rẹ̀. Kí ife náà tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni Dolina ti di tábìlì mú. Èéfín ilẹ̀ àbàtà tí wọ́n gé tí wọ́n sá kí wọ́n tó fi yan ọkà báálì, okùn ọkọ̀ tí wọ́n fi ọ̀dà kùn, ewé òkun, omi iyọ̀. Ẹ̀wù Dougald nìyẹn. Dougald ló dúró ní ìloro yẹn tí omi ń kán lórí rẹ̀. Obìnrin náà sunkún, Marsaili sì di ejìká rẹ̀ mú títí ó fi ṣe tán.

"Ẹ ti rí i," Marsaili ní. "Tiẹ̀ nìyẹn."

"Mo fẹ́ kí òun fúnra ẹ̀ sọ fún mi."

Marsaili da díẹ̀ sínú ìgò oògùn kan fún un. Nílé, Dolina kán an sínú ṣíbí, ó fi kan ètè ọkọ rẹ̀. "Dougald, ṣé èyí ni?" Ọkùnrin náà pa ẹnu dé gbágbá. Ó yí ojú sí ògiri. Omijé bọ́ lójú tó ṣì ń ṣiṣẹ́.

A jẹ́ pé kì í ṣe èyí. Dolina mú ti odò Spey wá. Dougald tún pa ẹnu dé. Ó mú ti pẹ̀tẹ́lẹ̀, ó mú ti àlìkámà, ó mú àdàlù pàápàá. Gbogbo rẹ̀ ni Dougald ń yí ojú kúrò níbẹ̀, ó sì ń fi ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ti ṣíbí sẹ́yìn, pẹ̀lú agbára tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀ pé ó ṣì kù níbẹ̀. Nígbà tó yá, bó bá ti rí ṣíbí lọ́wọ́ rẹ̀ ni ẹ̀rù á hàn lójú rẹ̀. Nọ́ọ̀sì dé, ó gbọ́ èémí rẹ̀, ó ní ó ti sún mọ́lé.

Dolina gbé ìgbéraga rẹ̀ mì bó ṣe gbé wisikí mì. Ó lọ bá Coll MacAffer, tí òun àti Dougald jọ yí àgbá láti ìgbà ọ̀dọ́, tó ti fẹ̀yìn tì ṣáájú rẹ̀. Níwájú ilé ló bá a tó ń hun pàkúté edé. Coll mú un wọlé, ó bu wisikí sínú ife méjì láìronú, ó wá rántí ẹni tó jókòó síwájú rẹ̀.

"Orí mi ò pé. Dúró, kí n gbé kẹ́tùlù kaná."

Dolina ti gba ife náà. Ó lanu díẹ̀, ó gbóòórùn rẹ̀, ó sì mu ún tán. "Ti odò Spey ni," ó ní. "Coll, ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀. Kí ni Dougald máa ń mu? Mo ti gbé gbogbo ẹ̀ fún un, ó ń yíjú."

Coll gbé ife tirẹ̀ sílẹ̀.

"Ìyàwó, Dougald ò mu nǹkan kan."

"Ẹ má fi mí ṣeré. Mi ò wá bínú."

"Mi ò fi ẹ́ ṣeré. Láyé ìgbà yẹn, ọ̀gá máa ń bu ọtí fún wa láàárọ̀, lọ́sàn-án, nírọ̀lẹ́, ọtí tuntun funfun tó le bí iná. Ẹni tí ò bá gbà á, wọ́n á ní ó ń gbéra ga. Dougald á gbà á, á dúpẹ́, á wá yà sẹ́yìn àgbá, á nà án sí mi. Èmi ni mò ń mu tiẹ̀ mọ́ tèmi."

"Ìgò ọdún tuntun ńkọ́?"

"Ọ̀dọ̀ mi náà. Wo imú mi. Ṣé o rò pé ìpín ẹnì kan ló lè sọ ọ́ di báyìí?"

"Òórùn ara ẹ̀ ńkọ́, Coll? Ojoojúmọ́!"

"Àgbá máa ń mí, ìyàwó. Afẹ́fẹ́ inú ilé yẹn, ọtí ni. Tí pásítọ̀ bá wọbẹ̀ fún wákàtí kan, á rùn jù mí lọ."

Dolina ń wò ó. "Kí ló dé tí kò sọ fún mi?"

"Mo bi í. Lẹ́ẹ̀kan péré. Ó ní, 'Coll, ojoojúmọ́ ni bàbá ẹ̀ ń búra bẹ́ẹ̀ fún wọn lẹ́nu ọ̀nà. Mi ò fẹ́ kó tún gbọ́ ọ lẹ́nu mi.'"

Àgùntàn ti bá ajá rìn láti ìgbà ọ̀dọ́, kò sì jẹ ìgbẹ́. Dolina dìde, kò mọ bó ṣe dé ojú ọ̀nà. Ṣíbí yẹn ló ń rí. Ọkọ rẹ̀ tó ti pa ẹnu dé nítorí rẹ̀ láti ọjọ́ ìgbéyàwó, òun fúnra rẹ̀ ló ń fi tipátipá tẹ ọtí mọ́ ọn lẹ́nu níkẹyìn ayé rẹ̀, ẹni tó ń kú lọ náà sì ń fi ọwọ́ kan ṣoṣo tó kù jà kó má baà já ẹ̀jẹ́ tí kò sẹ́ni tó ní kó jẹ́. Ìbànújẹ́ yẹn wúwo. Àwọn tó pàdé rẹ̀ lọ́nà ní ó ń sọ̀rọ̀ sókè, ó ń ní, "Dárí jì mí, dárí jì mí."

Ó dé ìloro. Wisikí Coll wà lẹ́nu rẹ̀, ó sì ń gbọ́ òórùn rẹ̀ lára ara rẹ̀. Ó ti di ọwọ́ ilẹ̀kùn mú kó tó jáwọ́. Ó bọ́ ẹ̀wù rẹ̀, ó kọ́ ọ lé ti Dougald, ó padà síta sídìí ẹ̀rọ omi, ó bọ́jú, ó fọwọ́ dé ìgúnpá. Omi náà tutù dé egungun. Ó dúró níbẹ̀ pẹ́, kí òtútù náà lè wọ̀ ọ́ dáadáa.

Lẹ́yìn náà ó wọlé. Dougald rí i, ojú rẹ̀ lọ sí ọwọ́ rẹ̀ láti wo ṣíbí. Dolina na ọwọ́ méjèèjì tó ṣófo, tó tutù, tí omi ń kán lára rẹ̀.

"Kò sí ṣíbí mọ́," ó ní. "Coll ti sọ fún mi. Èmi ni mo mutí, Dougald. Mo ti ń mutí káàkiri, mo sì wá bá ẹ báyìí tí mò ń rùn. Ṣé wàá yíjú?"

Ìdajì ẹnu Dougald tó ṣì wà láàyè rẹ́rìn-ín. Ó fi ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ kan ojú tútù náà. Dolina bẹ̀rẹ̀, ó fẹnu kò ó lẹ́nu, ọkùnrin náà kò sì yíjú. Wọ́n wà bẹ́ẹ̀ títí aládùúgbò tó jókòó níbẹ̀ fi rọra dìde jáde. Lẹ́yìn náà ni Dolina po tíì, ó ń fi ṣíbí kán an fún un díẹ̀díẹ̀, Dougald sì la ẹnu.

Ó kú kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, ọwọ́ rẹ̀ wà nínú ọwọ́ ìyàwó rẹ̀.

Lọ́jọ́ ìsìnkú, atẹ́gùn ń fẹ́ láti òkun wá. Dolina tẹ̀lé wọn dé etí sàréè. Nígbà tí wọ́n kó erùpẹ̀ bò ó tán, àwọn tó gbé pósí tò, wọ́n ń retí. Dolina fúnra rẹ̀ ló gbé àwo wá. Àwọn ife kékeré ló wà lórí rẹ̀, ohun inú wọn pọ́n dáadáa bíi ti odò Spey. Àwọn ọkùnrin náà gbé e sókè, wọ́n dárúkọ Dougald, wọ́n sì dà á mu lẹ́ẹ̀kan náà bí a ti ń ṣe.

Wọ́n wojú ara wọn, wọ́n wo inú ife. Ọ̀dọ́kùnrin kan fẹ́ rẹ́rìn-ín, Coll wò ó, ó sì gbé e mì. Coll nìkan ló mu tirẹ̀ díẹ̀díẹ̀, títí dé ìsàlẹ̀. Ó nu ẹnu rẹ̀, omi wà lójú rẹ̀.

"Ó ti dùn jù, ìyàwó," ó ní.

"Ṣúgà mẹ́ta ni," Dolina dá a lóhùn. "Bó ṣe máa ń mu ún nìyẹn."